Bí mo ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́, láìfi nǹkan kan pamọ́

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá tó kọjá, ìyàwó àbúrò mi pè mí láti Ìlọrin. "Mo kúnlẹ̀ o, àǹtí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìkọ́kọrẹ́ tí ẹ sè fún wa nígbà tí a wá wo Ojúde Ọba, báwo lẹ ṣe ṣe é? Látìgbà tí a ti délé ni ọkọ mi ò ti jẹ́ kí n gbádùn." Inú mi dùn. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, mo ní kó rin ewùrà, kó se ọbẹ̀ ata, kó da ewùrà sínú ọbẹ̀, ó tán. A dágbére.

Òwú ni mo ń ki bọ ojú abẹ́rẹ́ nígbà tó sọ sí mi lọ́kàn pé mi ò tíì sọ nǹkan kan fún ọmọ yìí. Mi ò sọ irú ewùrà tí yóò rà. Mi ò sọ ìgbà tí yóò rin ín. Mi ò sọ pé kò gbọ́dọ̀ ti ṣíbí bọ ìkòkò. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun ni mo ṣe fún un yẹn. Mo pa ẹ̀rọ, mo lọ gbé ìwé mi.

Ọmọ Ṣàgámù ni mí, ní Mákun. Ọdún 2003 ni wọ́n mú mi wọlé ọkọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nílé wa, ẹ̀bìrìpò, kókò rírin tí a pọ́n sínú ewé, ni ìyá mi fẹ́ràn láti sè, wọn kì í sábà se ìkọ́kọrẹ́. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí mo dé ni ẹbí ọkọ mi ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá kí wa lọ́jọ́ Sunday. Mo tọ obìnrin kan lọ nínú ọgbà tí à ń gbé, ó tó mi í bí, ó mọ ìkọ́kọrẹ́ sè dáadáa. Ó kà á fún mi látòkèdélẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò sọ. Mo ro ó bí ẹni ro àmàlà, gbogbo rẹ̀ di àtè tí wọ́n fi ń lẹ ìwé. Wọ́n jẹ ẹ́, wọn ò sọ̀rọ̀. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyá ọkọ mi ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ohun tí mo ń gbé kiri. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fún mi lówó pé kí n lọ ra ewùrà wá ní Òkè-Àjẹ, kí a jọ sè é. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí Màmá bá ti bu iyọ̀ sọ́wọ́, màá ní kí wọ́n kọ́kọ́ dà á sínú àwo kékeré yìí fún mi, màá fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, màá kọ ọ́, kí wọ́n tó dà á sínú ìkòkò. Epo náà, bákan náà: inú kọ́ọ̀pù kó tó dénú ìkòkò. Wọ́n á ní, "Ìyàwó, o tún ti gbé ìwé dé," wọ́n á sì dúró dè mí. Ìwé ọlọ́gọ́ta ojú ewé ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti bọ́, epo pupa ti mu ojú ewé tí ìkọ́kọrẹ́ wà débi pé ènìyàn lè rí ọ̀rọ̀ tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ láti iwájú. Màmá ti lọ, ìwé wà lọ́wọ́ mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni mò ń kọ síbí yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ewùrà, nítorí òun ni oúnjẹ yìí. Àwọn àgbà ní a kì í mọ̀-ọ́n-gún mọ̀-ọ́n-tẹ̀ kí iyán ewùrà má lẹ́mọ, òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ lọ́jà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹmọ yẹn gan-an là ń wá. Ìkọ́kọrẹ́ tí kò lẹ́mọ, mi ò kà á sí ìkọ́kọrẹ́. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà lánàá, omi inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ wá èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀, tó le lọ́wọ́, tí orí rẹ̀ kò rọ̀. Bí inú rẹ̀ funfun tàbí ó pọ́n bí àlùkò, kò sí èyí tí kò dára nínú méjèèjì, àmọ́ funfun ni Màmá máa ń rà. Èyí tó bá tó kílò kan ààbọ̀ yóò yó ènìyàn mẹ́fà.

Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Ọbẹ̀ ló ṣáájú.

Ata rodo márùn-ún, tàtàṣé ńlá méjì, àlùbọ́sà ńlá kan: ẹ lọ̀ ọ́, kó má kúnná jù. Epo pupa kọ́ọ̀pù kan, kọ́ọ̀pù tíì kékeré ni mò ń wí. Ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ má jẹ́ kó funfun, kí ẹ da ata sí i, kí ó máa dín fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí epo yóò fi léfòó sójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ ó bu omi kọ́ọ̀pù mẹ́rin sí i, ìrú ṣíbí ìjẹun kan, edé gbígbẹ tí ẹ ti gún ṣíbí mẹ́ta, iyọ̀ ṣíbí tíì kan, pọ̀nmọ́ tí ẹ ti sè rọ̀. Ẹja àrọ̀ yíyan méjì ni Màmá máa ń lò, èyí tí wọ́n gbé wá láti Ẹ̀pẹ́. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ dáadáa nítorí iyanrìn, ẹ yọ egungun, ẹ fà á ya. Kí ó tóbi tó pé ènìyàn á mọ̀ pé ẹja lòún ń jẹ. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo ti fi ẹja ṣáwá gbígbẹ sè é lóṣù tí owó kò sí, ó sì dùn. Ohun tí mi ò ní gbà ni kí a yọ ìrú kúrò.

Bí ọbẹ̀ bá ti ń hó dáadáa, nísinsìnyí ni kí ẹ bẹ ewùrà. Bí ẹ bá rin ín sílẹ̀ de ọbẹ̀, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á dúdú, oúnjẹ náà yóò sì rí bí ohun tó ti sùn. Ojú ìrin tó kéré jù ni kí ẹ fi rin ín. Èmi ṣì ń lo páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, tí wọ́n kàn mọ́ pákó. Ẹ má lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀rọ o, ẹ̀yin ará. Omi tí ẹ ó bù sí i kó tó lè lọ̀ ni yóò bà á jẹ́. Ẹni tí ewùrà bá ń yún lọ́wọ́, kó fi epo díẹ̀ pa ọwọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì sí i, kí ẹ fi ọwọ́ pò ó bí ẹni ń po àkàrà, fún bí ìṣẹ́jú méjì, títí yóò fi wú díẹ̀. Ẹ fi ìka mẹ́ta gbé e sókè wò. Tó bá fà díẹ̀, tó dúró, tó wá já bọ́ lódindi, ó ti ṣe. Tó bá ń ṣàn bí ògì, ẹ bu gàrí ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí gàrí lè mu omi náà.

Ẹ wá máa fi ìka bù ú sínú ọbẹ̀ tó ń hó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó obì, kí ẹ máa tẹ́ ẹ yí ìkòkò ká, kó má jẹ́ ojú kan ni ẹ ó dà á sí. Ẹ dín iná kù. Ẹ dé e.

Ohun tí obìnrin yẹn kò sọ fún mi nìyí: ẹ má ro ó. Ẹ gbé ṣíbí jìnnà sí ara yín fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìkòkò náà yóò máa dún pòkò-pòkò, ẹ ó fẹ́ ṣí i wò, ẹ lè ṣí i, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Ewùrà náà ń jinná láti ìta wọ inú, ara rẹ̀ ń le mọ́ra wọn. Bí ẹ bá ro ó kó tó le, yóò tú sínú ọbẹ̀, kò sì sí ohun tó lè tún un kó jọ mọ́. Tí funfun ara rẹ̀ bá ti lọ, tó ti mu epo, ẹ wá fi ọmọrogùn lọ sí ìdí ìkòkò, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á fọ́, á mú ọbẹ̀ ki, èyí tó kù á wà lódindi. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí i lórí iná kékeré, ó dọwọ́ ẹ̀bà.

Ẹ̀bà tútù ni o. Gàrí Ìjẹ̀bú, èyí tí wọ́n jẹ́ kó kan nínú àpò fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí wọ́n tó yan án, ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, kí ẹ dé e mọ́lẹ̀. Kíkan rẹ̀ ló ń gé epo náà lẹ́nu.

Nígbà tí mo ń ka gbogbo èyí sórí fóònù fún ìyàwó wa, oníbàárà mi kan tó wá gba aṣọ jókòó, ó ń gbọ́. Ó ní, "Ìyá aránṣọ, bí iṣu ẹni bá ta, a máa ń fọwọ́ bò ó jẹ ni." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ẹni tó ń se oúnjẹ tà, mi ò lè bá a jà bó bá fi tirẹ̀ pamọ́, ibẹ̀ ni owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń sè é fún ọkọ àti ọmọ, kí ni mò ń fọwọ́ bò? Iṣu tí mo fi hàn ọ́ lè tán lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe ń sè é kò lè tán lọ́wọ́ mi nítorí pé mo sọ ọ́ fún ọ.

Ẹ̀bìrìpò ìyá mi ló kọ́ mi ní èyí, ó sì kọ́ mi pẹ̀lú ìrora. Mo mọ̀ ọ́n sè. Èmi náà á rin kókò, màá fi ata àti àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i, màá pọ́n ọn sínú ewé eéran, màá sè é fún bíi wákàtí kan kó lè jinná dénú, nítorí kókò tí kò jinná a máa yún ni lọ́fun. Ó máa ń dùn. Kì í dùn bí ti ìyá mi. Ohun kan wà tí wọ́n máa ń fi pa inú ewé kí wọ́n tó bu kókò sí i. Mo rí i léwe, epo ni mo rò pé ó jẹ́, mo ti lo epo, kì í ṣe òun nìkan. Mo bi àbúrò wọn ní Mákun, wọn ò rántí. Mo gbé ìwé tẹ̀ lé ìyá ọkọ mi kiri ilé ìdáná fún ọdún mẹ́ta, mi ò sì gbé e lọ sí Ṣàgámù lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí mo rò pé ti ìyá mi wà nílẹ̀, pé mo lè bi wọ́n nígbàkúùgbà.

Ìyàwó wa sè é lọ́jọ́ kejì Iléyá. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹmọ rẹ̀ wà lódindi, epo yí i ká. Ó wá ní òun fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ọmọ wọn obìnrin kì í jẹ ẹja rárá, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, nítorí náà òun bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ sínú ìkòkò kékeré, láìsí ẹja, láìsí edé, òun sì gé wàrà tí òun ti dín sí i. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí n má bínú.

Mo ra wàrà lọ́wọ́ Fúlàní tó ń kiri lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo dín in, mo gé e, mo fi sí i. Ọkọ mi jẹ ẹ́, ó tún bu. Mo ṣí ìwé sí ojú ewé tí epo ti mu yẹn, mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, sábẹ́ ìwọ̀n iyọ̀ Màmá: *wàrà dídín, gé e wẹ́wẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn, láti ọwọ́ ìyàwó wa ní Ìlọrin.*