Ẹni tó sọ ọ́ nù ńkọ́?

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Òjò ò jẹ́ ká tà lónìí. Láti bí aago méjì ni ọjà Ìtòkú ti dá, omi ń ṣàn gba iwájú ìsọ̀ wa, mo sì ká adìrẹ ẹlẹ́kọ tí mo pàtẹ síta wọlé. Mo wá fa ìwé tí ọmọ mi ọkùnrin gbàgbé sí ìsọ̀ yọ, ìtàn òrùka tí Tolkien, ará Gẹ̀ẹ́sì yẹn, kọ, tó jáde ní apá mẹ́ta láàárín 1954 àti 1955. Ó ti tó oṣù kan tí mo ti ń kà á díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ta ló ni òrùka yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Sauron, olú ọ̀tá inú ìtàn náà, ló rọ ọ́, ó sì da agbára ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Isildur, ọmọ ọba tó bá a jà, gé e mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ogun, ó ní owó ẹ̀jẹ̀ bàbá òun àti àbúrò òun ni. Wọ́n ní kó sọ ọ́ síná, ó kọ̀. Òrùka náà ló yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú odò, tí àwọn ọ̀tá fi rí i ta lọ́fà.

Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó tún rí i. Sméagol àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Déagol lọ pẹja lọ́jọ́ ìbí Sméagol. Ẹja ńlá kan fa Déagol jìn sómi, ó rí ohun tó ń dán nísàlẹ̀, ó bù ú tẹrẹ̀tẹrẹ̀. Nígbà tó fọ ẹrẹ̀ kúrò, òrùka wúrà ló wà látẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Sméagol ní kó fún òun, ọjọ́ ìbí òun ni. Déagol ní òun ti fún un lẹ́bùn tẹ́lẹ̀, èyí tó ju agbára òun lọ pàápàá. Ló bá fún un lọ́rùn pa. Ohun tó wá ń sọ kiri lẹ́yìn náà ni pé ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí òun ni, pé ìyá àgbà òun ló fún òun, irú rẹ̀ sì pọ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà.

Bilbo, tó rí i lẹ́yìn Sméagol, ò pa ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀. Inú òkùnkùn ihò ni ọwọ́ rẹ̀ ti kàn án nílẹ̀. Síbẹ̀, òun náà purọ́, ó ní Sméagol ti ṣèlérí pé òun máa fún Bilbo bí Bilbo bá borí nínú àlọ́ àpamọ̀. Nínú The Hobbit, ìwé tí Tolkien kọ nípa Bilbo, tó kọ́kọ́ jáde ní 1937, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ní 1951 ni òǹkọ̀wé yí i padà, ó sì sọ ti àkọ́kọ́ di irọ́ tí Bilbo pa. Mo gba ti èyí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó he nǹkan ní tòótọ́, kí ló tún ń wá ẹlẹ́rìí fún?

Ibẹ̀ ni mo dé tí Ìyá Ìjẹmọ̀, àbúrò bàbá mi, fi wọlé wá yà fún òjò. Mo kí wọn, mo gbé àga fún wọn, mo sì ń sọ ìtàn náà fún wọn. Mo fi kún un pé irú òrùka bẹ́ẹ̀ wà nílé wa, tó jẹ́ pé tiwa ò ní ìjà nínú, Bàbá àgbà ló fi ọwọ́ ara wọn bọ́ ọ fún bàbá mi.

Òrùka ọdẹ ni. Bàbà ni wọ́n fi ṣe é, ó wúwo, òwú dúdú sì wé ìdajì rẹ̀. Wọ́n ní bí Bàbá àgbà bá wọ̀ ọ́ lọ oko ọdẹ, ejò kì í bù wọ́n ṣán.

Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ń fi ìka tọ ilà aró lára aṣọ tó wà lórí itan wọn.

“Àbẹ̀kẹ́, ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n fún un? Èmi ni mo ń fẹ́ Bàámi lábẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Láti àárọ̀ ni wọn ò ti lè sọ̀rọ̀ mọ́. Abẹ́ ìrọ̀rí ni bàbá rẹ ti mú un nígbà tí mo jáde lọ bu omi. Bọ̀ọ̀dá wa àgbà wà lóko ní Ọ̀dẹ̀dá. Àwọn ló ń bá Bàámi rìn nígbó. Tiwọn ni.”

Òrùka inú ìwé ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá ṣáà ti wọ̀ ọ́, ó kàn ń jẹ ẹ́ run díẹ̀díẹ̀ ni. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́ máa sọ èèwọ̀ rẹ̀, á sì kọ́ ọ lọ́rọ̀ tí wọ́n ń pè sí i. Bàbá mi ò sọ èèwọ̀ kankan fún mi nígbà tó fún mi. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé torí mo jẹ́ obìnrin ni. Kò mọ̀ ọ́n ni. Ó ká mi lára débi pé mi ò lè jẹun alẹ́. Mo fẹ́ràn bàbá mi, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ti fi ẹnu ara mi sọ irọ́ yẹn fún àwọn ọmọ mi.

Sam ni mo ń rò báyìí, ìránṣẹ́ Frodo. Frodo ni òrùka náà wá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn Bilbo. Nígbà tó rò pé ọ̀gá òun ti kú, ó gbé òrùka náà, ó tiẹ̀ wọ̀ ọ́. Nígbà tó rí ọ̀gá rẹ̀ láàyè, ó lọ́ra díẹ̀, ó ní bóyá kí àwọn jọ máa rù ú. Frodo já a gbà, ó sì pè é lólè. Ẹni tó ń dá nǹkan padà ni wọ́n pè lólè! Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, pé wọ́n á béèrè ibi tó ti wà láti ọjọ́ yìí.

Bọ̀ọ̀dá wọn àgbà ti ṣaláìsí. Mo ti pe ọmọ wọn tó wà ní Láfẹ́nwá lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń dún, kò gbé e. Òrùka wà níwájú mi lórí tábìlì nínú àpò aṣọ rẹ̀. Lọ́la, mo máa tètè palẹ̀ ọjà mọ́, mo máa yà mú Ìyá ní Ìjẹmọ̀, ká jọ lọ.