Píọ̀wọ́tà kan lórí táìsì

Ọjọ́ Ajé lónìí, ọjọ́ tó yẹ kí èèyàn ṣí ìsọ̀. Èmi tí mo jẹ́ ajẹ́ńtì ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ṣí ṣọ́ọ̀bù márùn-ún láàárọ̀, mo ṣí fèrèsé wọn kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn, mo gbá eruku, nígbà tí ilẹ̀ sì ṣú mo tún tì wọ́n pa. Oṣù kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fúláàtì 18 tó wà lókè kún láàárín oṣù mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ ni ò rẹ́ni gbé.

Onídìrí kan wá wo ṣọ́ọ̀bù kẹrin ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, òun àti ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ kan. Ọmọ yẹn mú téèpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn èèyàn dání, ó fi ń wọn ògiri. Inú mi ti ń dùn, torí ẹni tó bá ń wọn ògiri ti ń ro ibi tó máa gbé dígí kọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ò tiẹ̀ wo ògiri. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ó ní, "Àǹtí, omi ńkọ́?"

Mo ní táǹkì wà lókè, a máa fa páìpù wá fún un.

"Rárá o, mi ò bèèrè ibi tó ń gbà wọlé. Ibi tó ń gbà jáde ńkọ́?"

Kí n tó rí irọ́ tí mo máa pa, ó ti mú píọ̀wọ́tà kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó fi eyín ya á létí, ó dà á sí àárín ṣọ́ọ̀bù. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, à ń wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Omi yẹn rìn díẹ̀, ó ṣe bí ẹni ń ronú, ó wá yà lọ sí ìdí ògiri ẹ̀yìn, ó jókòó síbẹ̀. Kò sí ihò kankan níbẹ̀. Kò sí níbòmíràn náà.

"Ṣọ́ọ̀bù yín dáa o, Àǹtí," ló wí. "Àmọ́ ti oníbàtà ni." Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó lọ.

Bẹ́ẹ̀ oníbàtà ò lè wá síbí láéláé, nígbà tí Balógun kò ju ìrìn díẹ̀ lọ. Ohun tí Alhaji onílé wa ò fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ó lọ béèrè iye tí wọ́n ń gba ṣọ́ọ̀bù ní Balógun, ó sì ní iye yẹn gan-an la máa gbà. Ẹsẹ̀ èrò ni wọ́n ń sanwó fún ní Balógun, kì í ṣe ògiri. Púpọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó wà ní Marina àti Broad Street tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí Victoria Island, àwọn tó ṣẹ́kù sì ń ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́. Ẹni tó kù ní àdúgbò wa lálẹ́ ni ẹni tó ń sùn síbẹ̀.

Ó tún fẹ́ gba owó ọdún méjì. Mo ní, "Alhaji, òfin ilé yíyá ọdún 2011 ní ẹ ò gbọdọ̀ gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun." Ó ní ti ilé ni wọ́n ń wí. Mo ní ó kan ṣọ́ọ̀bù náà, pé Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà nìkan ló yọ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín: "Ìwọ ajẹ́ńtì yìí, ta lo tiẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ gan-an?"

Báńkì ló ń wù ú. Báńkì kan wá lóòótọ́, wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n béèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wọn máa wà, a ò tún gbúròó wọn mọ́.

Lójú tèmi, inú àwòrán ilé yìí ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ka fúláàtì, wọ́n ka ibi ìgbọ́kọ̀sí, ohun tó ṣẹ́kù ni wọ́n pè ní ṣọ́ọ̀bù. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi kọ́rídọ̀. Wọ́n gbé e ga sókè àtẹ̀gùn mẹ́ta nítorí àgbàrá (wọn ò ṣìṣe níbẹ̀, Ìsàlẹ̀ Èkó la wà), ṣùgbọ́n ta ló máa gbé kúlà gun àtẹ̀gùn mẹ́ta láràárọ̀? Èéfín olóúnjẹ ò sì ní ọ̀nà mìíràn ju yàrá ẹni tó wà lókè rẹ̀ lọ.

Àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl dé ò kọ́lé báyìí. Ilé Ilójo ní Tinúbú, tí wọ́n kọ́ ní 1855, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ta oúnjẹ àti ọtí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tó tẹ̀ bí ọrun kọjú sí ìgboro gbangba. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, àwọn kan sì wó o ní 2016. Ó ṣì ń dùn mí tí mo bá kọjá níbẹ̀. Ti Kakawa ńkọ́? Omi kànga ni wọ́n ń tà níbẹ̀ fún ará àdúgbò, títí dòní Water House lorúkọ ilé ọ̀hún.

Lórí WhatsApp, àwọn ará òkè ilé wa ní àwọn ò fẹ́ nǹkan kan nísàlẹ̀. Wọn ò fẹ́ ariwo, wọn ò fẹ́ òórùn epo, wọn ò fẹ́ kí èrò máa wọ́ wá. Àmọ́ ìgbà méje ni mègáàdì sọdá títì láàárọ̀ yìí nìkan. Mo ní kó ka ohun tí wọ́n rán an fún mi: búrẹ́dì, ẹyin, Indomie, súgà, oògùn ẹ̀fọn, aṣọ tí wọ́n fẹ́ lọ̀, búrẹ́dì lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn rìsíìtì kan. Mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti rán an sí báńkì.

Púlọ́ńbà dé nírọ̀lẹ́. Ó fi ìdí òòlù kan ilẹ̀, ó ní sókàwéè wà lẹ́yìn ògiri yẹn gan-an, páìpù kan lè sin ṣọ́ọ̀bù méjì. Iye tó dá lé e ò tó owó oṣù méjì lórí ṣọ́ọ̀bù kan. Mo pe Alhaji.

"Ẹ fẹ́ fọ́ táìsì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Táìsì tuntun?"

"Mẹ́rin péré ni, sà."

Ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà ló ní, "Má tíì fọwọ́ kàn án. Mò ń bọ̀ lọ́la, màá fojú ara mi rí i."

Mo ti ra píọ̀wọ́tà méjì sínú báàgì.