Tẹlifíṣọ̀n Tó Gbé "E" Mì

Ẹ má pè mí ní injiníà fídíò mọ́ o, mo ti kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì ìwúyè Bàbá Olóyè yẹn náà ni, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ gbé e, tí gbogbo ilé ti ń pariwo pé kí ẹnì kan bá àwọn sọ ọ́ di DVD kó tó bu. Èmi ọ̀mọ̀ràn ni mo nawọ́ sókè. Bí mo ṣe so fídíò mọ́ kọ̀ǹpútà báyìí, mo rí ìlà wúruwùru kan tó ń gbọ̀n nísàlẹ̀ àwòrán, mo ní ẹ wo ìdọ̀tí, àṣé ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń bẹ níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá àtijọ́ ló máa ń fi etí ara ẹ̀ bò ó, overscan ni wọ́n ń pè é. Mo kun dúdú bò ó, inú mi dùn.

Èmi ọ̀gá wá ní mo máa dárà. Mo kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sí ìbẹ̀rẹ̀, ìlà méjì, mo sún un mọ́ etí òsì pátápátá, torí ẹnì kan tó mọṣẹ́ sọ pé ibẹ̀ ló dáa jù (èmi lẹni náà). Sọ́fítíwíà ya àpótí sójú iṣẹ́ pé kí n fi ọ̀rọ̀ mi sí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwòrán, èyí tó wà láàárín, mo pa àpótí rẹ́, ó ń dí mi lójú.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, pálọ̀ kún. Tẹlifíṣọ̀n Bàbá Olóyè, èyí tí géńdé mẹ́ta ń bá ara wọn gbé, ẹ mọ̀ ọ́n. Orin bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ jáde:

KU ORIIRE
BA OLOYE

"E" ti wọnú páálí lọ, "BA" kan sì tẹ̀ lé e. Bàbá Olóyè bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀.

"Ta ló ní kí n kú?"

"Bàbá, 'ẹ' wà níwájú ẹ̀, tẹlifíṣọ̀n yín ló gbé e mì."

"Látọjọ́ tí mo ti rà á, kò bú mi rí."

Ìyàwó wọn kékeré ní kí wọ́n wádìí ẹni tó fẹ́ ba olóyè jẹ́.

Mo tún un ṣe lóru ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ bọ́ sáàárín gbọnrangandan. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, ọkọ àbúrò mi ni kẹ́ ẹ mú o. DVD tiwa níbí, pixel (ẹyọ kékeré tó para pọ̀ di àwòrán) 720 níbùú, 576 lóòró ni, ìbáà jẹ́ 4:3 ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ìbáà jẹ́ 16:9 tó fẹ̀ ti flat screen, àmì kékeré kan nínú dísìkì ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa tẹ́ ẹ. Mo fi àmì 4:3 sí i, dúdú dúró lápá méjèèjì bó ṣe yẹ. Bó ṣe rí dúdú yẹn lójú flat screen ẹ̀ báyìí, ó fa rìmóòtù yọ: "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ẹ̀ ni mo sanwó fún, mi ò lè máa wo àárín nìkan." Ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìlú fi ìdá kan nínú mẹ́ta fẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, fìlà Bàbá Olóyè tẹ́ rẹrẹ bí atẹ alátà. Mo ní kó dá a padà, ó ní ara ló dá wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni àǹtí wa tín-ín-rín, tí gbogbo ẹbí ti ń bú pé ọkọ wọn ò fún wọn lóúnjẹ, rí ara wọn nínú ijó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀, ìdí wà níbẹ̀. Wọ́n dìde dúró. "Ṣé ẹ rí i? Ṣé mi ò sọ fún yín pé mo lára nígbà yẹn?" Wọ́n ní kí n ṣe tàwọn lọ́tọ̀, kí n má sì yọ ohunkóhun kúrò lára àwọn.

Mo ti fi 16:9 sí i fún wọn. Ìyá Ìbàdàn náà ti pè láàárọ̀ yìí, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mò ń fi ẹran kún èèyàn lára.