Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Iṣẹ́ Alukoro: Sí Ẹ̀yin Tó Ń Gbé Ẹ̀bùn Lọ Sílé Ọmọ Òrukàn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa fi ètò kan ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe omi inú ọ̀rá níhà Akóbọ̀ ló fẹ́ ṣe ìtọrẹ. Ojú ewé mẹ́ta ni ètò náà. Wọ́n kọ bí báná ṣe máa gùn tó, wọ́n kọ orúkọ ayàwòrán, drone wà níbẹ̀, ẹ̀wù tí àwọn òṣìṣẹ́ máa wọ̀ wà níbẹ̀, MC wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ àwọn oníròyìn náà ò gbẹ́yìn. Ohun tí wọ́n fẹ́ fún àwọn ọmọ ńkọ́? Ìlà kan péré: "gift items."

Mo rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe alukoro n'Ìbàdàn yìí, ètò kan náà ni mò ń rí, àfi drone ló jẹ́ tuntun. Mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ bíi BCOS tàbí Àmúlùdùn, ẹ ti kọ́ ìyẹn nílé-ìwé. Ẹ̀kọ́ méje ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún yín, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì yín.

Èkíní: ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Tí ẹ bá pe olùdarí ilé náà tán, ẹ ní kó gbé fóònù fún ẹni tó ń se oúnjẹ. Olùdarí á sọ pé "ohunkóhun tí Ọlọ́run bá fi sí yín lọ́kàn." Ẹni tó ń dáná á sọ òótọ́. Ní oṣù December, ìrẹsì àti ìǹdómì máa ń kún ilé wọ̀nyí dé àjà. Tó bá di February, kò séèyàn kankan mọ́. Gáàsì, dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀, owó ilé-ìwé oṣù January, páàdì àwọn ọmọbìnrin tó ti bàlágà, owó oògùn: nǹkan wọ̀nyí kì í bọ́ sínú fọ́tò dáadáa, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í rà á.

Èkejì: ẹ mọ ilé tí ẹ ń fún. Ṣé ó ní ìwé CAC, ìyẹn ìwé pé wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba? Ṣé ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin mọ̀ ọ́n? Tí wọ́n bá fún yín ní àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ènìyàn kan ṣoṣo, ẹ rọra dìde. Ẹ sì gba rìsíìtì. Lábẹ́ òfin owó orí ilé-iṣẹ́ àtijọ́, CITA, ilé-iṣẹ́ lè yọ ìtọrẹ rẹ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n máa bu owó orí lé, tí kò bá ti ju ìdá 10 nínú 100 èrè rẹ̀ lọ, tí ẹni tí wọ́n fún sì wà lára àwọn tí òfin náà dárúkọ. Òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti January 2026, nítorí náà ẹ jẹ́ kí akáǹtáǹtì yín kà á fún ọ̀gá. Ọ̀gá tó bá gbọ́ "owó orí" á fetí sílẹ̀ ju ẹni tó gbọ́ "àánú" lọ.

Ẹ̀kẹta: ẹ má kó èrò jọ. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí èyí. Ní December 18, 2024, ní Islamic High School, Baṣọ̀run níbí, wọ́n ṣe àríyá fún àwọn ọmọdé. Èrò ya bolẹ̀, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ọmọdé 35 ló kú. Ẹni tó bá tún gbé ètò "ẹ kó àwọn ọmọ wá, ẹ̀bùn wà" síwájú mi, mi ò ní ka ojú ewé kejì. Ẹ gbé ẹ̀bùn lọ bá wọn nílé.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ fọ́tò. Ibí ni mo fẹ́ jókòó sí.

Mo ti bá ilé búrẹ́dì kan ṣiṣẹ́ rí. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ṣì ń ta búrẹ́dì, búrẹ́dì wọn sì ṣì dùn. Nígbà náà, àwọn oníbúrẹ́dì tuntun ti ń wọ ìgboro, ọjà ti ń fà sẹ́yìn, ọ̀gá wa wá gba ọ̀gá títà kan wọlé láti Èkó. Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ sọ nípàdé ni pé àánú ń tajà. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí n wá ilé ọmọ òrukàn kan kí Kérésì tó dé.

Mo wá a. Mo pè wọ́n, mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún ìyá tó ń dáná. Ó ní, "Àǹtí, gáàsì ti tán, igi la fi ń dáná. Pọ́ọ̀ǹpù kànga wa náà ti jó, àwọn ọmọ ló ń pọnmi láti òdìkejì títì kí wọ́n tó lọ síléèwé." Mo kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe sọ ọ́, mo sì fi kún un pé owó pátákó ìpolówó kan fún oṣù kan máa ra pọ́ọ̀ǹpù náà, á tún ku owó gáàsì. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi dòní pẹ̀lú òǹtẹ̀ "received" lórí rẹ̀. Ọ̀gá títà fi báírò kọ èsì sí ìsàlẹ̀: "Búrẹ́dì la ń ṣe, a kì í ṣe pílọ́ńbà."

Bí a ṣe kó búrẹ́dì 600 nìyẹn lọ sí ilé tí àwọn ọmọ ibẹ̀ kò tó 40. Búrẹ́dì wa kì í ní oògùn ìpamọ́, a tiẹ̀ máa ń fi í yangàn. Kò lè kọjá ọjọ́ mẹ́rin kó má bu. Wọ́n pín in fún àdúgbò, wọ́n pín in fún ọlọ́dẹ, adìyẹ ẹnìkan ló jẹ ìyókù.

Àárọ̀ ni wọ́n ti to àwọn ọmọ náà, wọ́n wọ ẹ̀wù tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà láyà rẹ̀ fún wọn, wọ́n sì fi búrẹ́dì lé wọn lọ́wọ́. Wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ títí ọ̀gá á fi dé. Ọ̀gá dé nígbà tí aago méjì ọ̀sán ń lọ lù. Ọmọkùnrin kékeré kan tó dúró ní ìpẹ̀kun ìlà ti fi ìka dá ọ̀rá búrẹ́dì tirẹ̀ lu láti ìsàlẹ̀, ó ń yọ́ ọ jẹ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ wà níwájú bí ojú sójà. Nígbà tí ayàwòrán gbé kámẹ́rà, búrẹ́dì ti wó lulẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀gá títà jágbe mọ́ ọn, ó gba èyí tó ti jẹ dé ìdajì, ó fi òmíràn tó pé lé e lọ́wọ́, ó sì ní kó má fọwọ́ kàn án. Mo dúró níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kan rẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, ó léjì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jìn. Ojú rẹ̀ wu ayàwòrán. "Gbé búrẹ́dì yẹn sókè díẹ̀. Rẹ́rìn-ín. Háà, ẹ ò rí i!" Ìwé tí olùdarí ilé náà fọwọ́ sí, èmi ni mo kọ ọ́: fọ́tò fún àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ àti ìròyìn ọjọ́ náà. Pátákó kò sí níbẹ̀. Mo rán wọn létí lẹ́nu, mo tún kọ ọ́ ránṣẹ́. Ọ̀gá ní àwọn ti gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ ọdún tuntun ni ojú ọmọ náà yọ lórí pátákó gìrìwò kan ní ọ̀kan nínú àwọn oríta tí ọkọ̀ ti ń pọ̀ jù n'Ìbàdàn. Ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ ni: "Gbogbo búrẹ́dì tí ẹ bá rà ń bọ́ ọmọ òrukàn kan." Irọ́ ni. Ọjọ́ kan la lọ, a ò padà síbẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí ẹnìkan fi pe ètò àárọ̀ kan lórí rédíò, ó béèrè pé ọmọ wo ni, ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ́ ọ, ta ló ń kà á? Atọ́kùn rẹ́rìn-ín, ó ní kí alukoro wọn fèsì. Èmi nìyẹn.

Rédíò kọ́ ló dùn mí jù. Ilé ọmọ òrukàn yẹn kì í kọ orúkọ sára bọ́ọ̀sì wọn. Ilé-ìwé tí ọmọ gbogbo èèyàn ń lọ ni àwọn ọmọ wọn náà ń lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó wá láti ibo. Bí wọ́n ṣe wọlé ní January, àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọbìnrin náà ti sọ ọ́ ní "Búrẹ́dì Òrukàn." Wọ́n ń fi í kọrin. Ọmọ náà ò lọ síléèwé mọ́. Wọ́n ní láti wá òmíràn fún un.

Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà kan wọ ọ́fíìsì wa. Láti Ìṣẹ́yìn ló ti wá. Ọmọ rẹ̀ ló bí ọmọbìnrin náà, àìsàn ló dá ìyá ọmọ dúbúlẹ̀ tí wọ́n fi gbé e síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín, ẹ̀yin tó ń kọ "òrukàn" sí gbogbo báná: ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà nílé wọ̀nyí ló ní òbí láyé. Ìṣẹ́ tàbí àìsàn ló gbé wọn débẹ̀. Ará ìlú màmá náà kan ló rí pátákó, ó wá kí i kú ará fẹ́ra kù ọmọ rẹ̀. Màmá ò pariwo. Ó bi mí pé, "Ta ló sọ fún yín pé mo ti sin ọmọ mi?"

Mo lọ pe ọ̀gá. Ó gba ẹ̀yìn jáde. Ó rán mẹ́sẹ́ńjà pé kí wọ́n fún màmá ní búrẹ́dì méjì kó mú lọ sílé. Màmá gbà á, ó wò ó, ó gbé e sórí tábìlì níbi tí a ti ń gbàlejò, ó jáde.

Mo ní kí wọ́n já pátákó náà lulẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti sanwó títí dé ìparí March. Ó wà níbẹ̀ títí dé ìparí March. Èmi ni wọ́n fún ní query, pé mi ò dáàbò bo orúkọ ilé-iṣẹ́. Ọ̀gá títà gba ìgbéga. Mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún yẹn tó parí, tí mo bá sì gba oríta yẹn kọjá, orí mi ṣì máa ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù ló wà lórí pátákó náà báyìí.

Ẹ máa ń sọ fún mi pé, "Àǹtí, ayé ti yí padà, tí kò bá sí fídíò, kò ṣẹlẹ̀." Ó dáa. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 wà, abala 8 rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí àṣírí ọmọ àti ti ìdílé rẹ̀, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ ní 2006. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni dé ní 2023, ojú ọmọ sì wà lára ìsọfúnni rẹ̀. Ẹ ka òfin náà. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, àwọn àgbà wa ti sọ pé oore tí a ṣe tí a lóṣòó tì í, bí aláìṣe ni. Ìyá mi ń ṣe sàárà ní gbogbo Jímọ̀. Abọ́ tó fi bu oúnjẹ ránṣẹ́ sílé aláìní kì í yàtọ̀ sí èyí tó fi ń bu ti àlejò, kí ará àdúgbò má baà mọ ilé tí ebi wà. Ó mọ iṣẹ́ alukoro ju ọ̀gá títà tó ti Èkó wá lọ.

Nígbà omíyalé August 26, 2011, tí omi gbé afárá Àpẹ́tẹ̀ lọ, àwọn ọlọ́jà ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí mo mọ̀ tí ilé wọn wó, pẹ̀lú gàrí àti aṣọ. Àwọn tó ní báná ṣì ń dúró de ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó àbúrò mi tó wà lára àwọn tí ilé wọn wó ṣì ń ra gàrí lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́jà náà ní Bódìjà títí dòní, kì í ná an lówó. Ilé-iṣẹ́ wo ló fi pátákó ra irú oníbàárà bẹ́ẹ̀?

Tí ọ̀gá yín bá fẹ́ ṣoore tí kò mọ ibi tó máa gbé e sí, ẹ mú un lọ sí UCH, ọsibítù ńlá n'Ìbàdàn, lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ibẹ̀. Wọ́n mọ aláìsàn tí ara rẹ̀ ti yá, tí kò rówó san kó lè máa lọ sílé. Ẹ san án sínú àkáǹtì ọsibítù, ẹ gba rìsíìtì, ẹ má béèrè pé kí wọ́n mú aláìsàn wá dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ méje ni mo ṣèlérí. Ẹ̀kẹrin ṣì ni mo wà. Ìyókù á dúró ná, torí èyí nìkan ni mo rí tí ẹ ń ṣe léraléra.

Ọ̀gá á ṣì béèrè fọ́tò, kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe é. Ẹ ya pọ́ọ̀ǹpù náà nígbà tí omi bá ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ya àwọn òṣìṣẹ́ yín tí wọ́n ń gbé sìlíńdà gáàsì wọlé, tí òógùn bo ojú wọn. Ẹ ya ìwé rìsíìtì. Ẹ jẹ́ kí ìyá tó ń dáná sọ̀rọ̀ lórí rédíò tó bá fẹ́. Ohùn rẹ̀ á tà ju jingle lọ. Tí ọ̀gá bá tún wá ní ojú ọmọ lòun fẹ́, ẹ ní kó mú ọmọ tirẹ̀ wá láti ilé, kó wọ̀ ọ́ lẹ́wù ilé-iṣẹ́, kó fi búrẹ́dì lé e lọ́wọ́ láti àárọ̀ títí di aago méjì. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀gá kan rí, alágbo ńlá ni, ní òpópónà Ring Road. Ó bínú, ó ní kí n jáde. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ó pè mí padà, òun sì ni oníbàárà mi tó pẹ́ jù lọ báyìí.