Fóònù ló jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ọmọ tó ń jókòó lẹ́yìn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, àní ó ti pẹ́ gan-an.

Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níbí ní Iléṣà, ó ti lé lógún ọdún. Nígbà tí wọ́n ti gbogbo ilé ìwé pa ní March 2020 torí Kòrónà, mo ní WhatsApp lórí fóònù lóòótọ́, àmọ́ kí n fi kí àwọn ará ilé wa kú ọjọ́ ìsinmi, kí n wo fọ́tò ìnáwó, ó parí síbẹ̀. Ìgbà tí ọ̀gá wa wá ní kí oníkálùkù lọ ṣí gúrúùpù fún kíláàsì ẹ̀ kó máa kọ́ wọn látilé, àyà mi já. Ẹ rántí Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí ìjọba Ọ̀ṣun pín fáwọn ọmọ SS ní 2013 lásìkò Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tí ìwé àti ìbéèrè WAEC àtẹ̀yìnwá wà nínú ẹ̀? Mi ò kọ ibi ara sí i nígbà yẹn, mo gbà pé nǹkan àwọn ọmọdé ni. Mo kábàámọ̀ ẹ̀ nígbà tí 2020 dé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó tì mí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ tẹ máìkì yìí mọ́lẹ̀, ẹ má tíì jọ̀wọ́ ẹ̀, ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀ lọ. Tó bá ti ń ro yín lọ́wọ́, ẹ fà á sókè báyìí, á máa gba ohùn yín lọ fúnra ẹ̀." Ọjọ́ yẹn nìkan, a ṣe é tó ogún ìgbà, kò sì jágbe mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Ọlọ́run á bá mi wo ọmọ náà.

Òun náà ló bá mi fi Yorùbá sínú Gboard, ìyẹn ibi tá a ti ń tẹ lẹ́tà lórí fóònù, torí bí mo bá ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ ni fóònù ń sọ ọ́ di òyìnbó mọ́ mi lọ́wọ́, mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ gidi, nǹkan mìíràn ló ń jáde. Àṣé ká kàn yan èdè náà ni, kéèyàn sì tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ kí àmì lè jáde. Mo fi dandan lé e fún ara mi láti ọjọ́ náà pé mi ò ní kọ Yorùbá tí kò lámì sí àwọn ọmọ mọ́, ìbáà jẹ́ "ẹ káàárọ̀" lásán. Àwa tíṣà Yorùbá tá à ń fa igi pupa sí ìwé ọmọ torí àmì ohùn, ká tún wá dórí fóònù ká máa kọ oko fún ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, kò yẹ wá rárá. Lóòótọ́ lórí àwọn fóònù kan, àmì orí ẹ́ àti ọ́ máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí pé lẹ́tà lọ́tọ̀ àmì lọ́tọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń so wọ́n pọ̀, àmọ́ èyí tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣì sàn ju èyí tí kò sí lọ.

Mo gbìyànjú fídíò náà, ó ń jẹ dátà àwọn òbí, mo yáa fi í sílẹ̀. Fóìsì nóòtì, ìyẹn ohùn tá à ń gbà sílẹ̀ fi ránṣẹ́, ló ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀. Nínú kíláàsì, àwọn ọmọ wọ̀nyí ń lọ sí àádọ́rin. Tí mo bá kọ igba, igbá, ìgbà, igbà sójú pátákó, gbogbo wọn á gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, re re, re mí, dò dò, re dò, ariwo á sọ, èmi náà á gbà pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Lórí WhatsApp, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń ka tiẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ìyá wọn ló ni fóònù, nítorí náà ó dìgbà tí ìyá bá tọjà dé, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dún lemọ́lemọ́, màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì màá máa gbọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ti ẹlòmíì, ewúrẹ́ ń ké lẹ́yìn ti ẹlòmíì.

Ọmọbìnrin kan wà ní SS1 nígbà náà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, láti ìgbà tó ti wọ kíláàsì mi mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ rí. Ìyá ẹ̀ ń tajà lọ́jà Atakúnmọ́sà. Nígbà tó fi tiẹ̀ ránṣẹ́, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo dò re mí ẹ̀ ló pé pérépéré, kò sẹ́ni tó kà á tó o. Àmọ́ níbi tí mo ti kọ ilé, ulé ló kà, iṣu di uṣu. Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé. Mo bi í níkọ̀kọ̀ ìdí tí kì í fi í dáhùn ní kíláàsì, ó ní, "Ma, tí n bá ti lanu wọ́n á ní ará oko ni mí." Ní Iléṣà o! Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń fi Ìjẹ̀ṣà ṣe ọmọ Ìjẹ̀ṣà ẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ̀yẹ́. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, torí mo mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí mo ti ń sọ pé "Yorùbá àjùmọ̀lò la fẹ́ níbí", mi ò fi kún un rí pé ti ilé wọn kì í ṣe àṣìṣe.

Ni mo bá yí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì padà. Mo ní kí kálukú lọ bá àgbàlagbà ilé ẹ̀, kó gba ohùn wọn sílẹ̀ lédè Ìjẹ̀ṣà, kó wá fi Yorùbá àjùmọ̀lò kọ ọ́ tàmì-tàmì. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ṣe é. Ìyá ìyá ọmọ tí mò ń wí ló kọ́kọ́ dé, ìyá náà kí mi, ó bi mí léèrè àwọn ọmọ mi, ó wá bọ́ sórí oríkì, "Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko", ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan nílé iṣẹ́ ní kí n gbé e sórí Facebook, mo ní rárá, ohùn ọmọ ọlọ́mọ ni, àwọn òbí ò sì tíì fọwọ́ sí i.

Àwọn tí kò rí fóònù kankan lò nílé ló ṣì ń dùn mí. Mo máa ń tẹ iṣẹ́ wọn sórí bébà fi ránṣẹ́, kò jọ ọ́.

A ti wọlé padà látìgbà náà, pátákó ti dé, ariwo ti dé. Síbẹ̀ gbogbo Thursday, mo ṣì máa ń ní kí wọ́n ka nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi lálẹ́. Òní ni Thursday. Aago mẹ́sàn-án ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, àwọn ìyá ti ń tọjà dé, ẹ jẹ́ kí n lọ fi fóònù yìí sí iná.