Láílọ́ọ̀nù Mi Kò Wọ Kigali

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sanwó fún àwọn ọmọkùnrin tó ń fi láílọ́ọ̀nù we báàgì ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, tó bá jẹ́ Kigali, olú ìlú Rwanda, lẹ̀ ń lọ, ẹ fi owó yẹn ra búrẹ́dì. Èmi san án. Mo dúnàádúrà títí ó fi sú mi, ọmọ náà ò yọ kọ́bọ̀. Ó ní, "Màmí, ààbò ẹrù yín ni." Ó we báàgì mi yípo-yípo bí ẹni ń di òkú.

A balẹ̀, wọ́n lu òǹtẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà mi, mo rò pé ó ti tán. Obìnrin aṣọ́bodè kan tí ohùn rẹ̀ tutù mú ọ̀bẹ kékeré, ó ya gbogbo láílọ́ọ̀nù Ìkẹjà kúrò, ó ká a, ó sọ ọ́ sínú garawa ńlá tí láílọ́ọ̀nù àwọn ẹlòmíràn ti kún. Owó mi nìyẹn.

Kò parí síbẹ̀ o. Ó ní kí n ṣí báàgì. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gàrí Ìjẹ̀bú, èlùbọ́ àti irú ló sì ní kí n bá òun gbé wá. Inú láílọ́ọ̀nù ni gbogbo rẹ̀ wà. Ti irú tiẹ̀ jẹ́ mẹ́ta tó wọnú ara wọn, nítorí òórùn. Obìnrin yìí ò bá oúnjẹ jà, láílọ́ọ̀nù ló ń wá. Láti ọdún 2008 ni òfin Rwanda ti lé e kúrò nílùú, nígbà tó di 2019 wọ́n fi àwọn ike àlòsọnù kún un. Ó nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń ta àpò aṣọ, mo lọ rà á, mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ lójú gbogbo èrò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da èlùbọ́ láti inú láílọ́ọ̀nù sínú àpò. Èlùbọ́ bù lulẹ̀, ṣòkòtò dúdú mi di aláwọ̀ eérú. Òyìnbó kan tó dúró lẹ́yìn mi bi mí bóyá sìmẹ́ńtì ni. Nígbà tí mo tú láílọ́ọ̀nù kẹta tó wà lára irú, aṣọ́bodè fọwọ́ bo imú, ó wọ ọ́fíìsì lọ, ó bá mi mú abọ́ onídèérí kan jáde. Ó wá gba láílọ́ọ̀nù ọ̀hún lọ́wọ́ mi, tòun ti irú tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó ní "Murakoze," ó ń dúpẹ́. Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́.

Ọjọ́ kejì ni inú bí mi gan-an. Ilé oúnjẹ kan, ẹ má bi mí lórúkọ rẹ̀, kọ ọ́ sára ògiri pé àwọn kì í ta omi inú ike torí pé àwọn ń tọ́jú ayé. Ó dáa. Mo ní kí wọ́n bá mi sun ẹran ewúrẹ́ orí igi, mo jókòó dè é títí òùngbẹ fi gbẹ mí lọ́fun. Omi dé nínú ìgò kékeré kan, owó rẹ̀ ju ti ẹran lọ. Mo bi ọmọ tó gbé e wá pé ṣé omi sámúsámù ni. Ó ní torí àyíká ni. Àyíká wo? Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ nínú gbọ̀ngàn tí èmi nìkan jókòó sí, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu! Ẹni tó bá fẹ́ kí n fi ike sílẹ̀, kó gbé omi mímu sí kọ̀rọ̀, kí n fi ife bù ú. Irú ìwà yìí ló ń jẹ́ káwọn èèyàn máa pe gbogbo ọ̀rọ̀ àyíká ní gbájúẹ̀.

Sọ́ńdè ló bá mi tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni wọ́n máa ń ti àwọn títì kan pa mọ́ ọkọ̀, láti aago méje àárọ̀ sí mẹ́wàá. Oṣù karùn-ún ọdún 2016 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi kan ilẹ̀kùn: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ rìn." Ilẹ̀ Kigali kò tẹ́jú rárá, bẹ́ ẹ bá gun òkè tán ẹ tún máa sọ̀ kalẹ̀, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo títì! Kò sí hóònù, kò sí èéfín. Àwọn ìyá àgbà wọ kánfáàsì, àwọn ọmọdé wà lórí kẹ̀kẹ́, ọkùnrin kan gbé gbohùngbohùn dání ó ń darí eré ìdárayá, èrò ń ju apá tẹ̀ lé e. Àwọn nọ́ọ̀sì tẹ́ tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń wọn ìfúnpá àti ṣúgà lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ọ̀sì wọn tèmi, ó wo ẹ̀rọ, ó wo ojú mi, ó ní kí n dín iyọ̀ kù kí n sì máa rìn dáadáa. Ọ̀fẹ́ o, lẹ́yìn omi olówó gọbọi!

Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó wàásù fún mi. Wọ́n gba títì lọ́wọ́ ọkọ̀, wọ́n sì gbé ohun tó dùn síbẹ̀. Àwa náà ti ní tiwa rí. Ẹni tó bá gbọ́njú láyé Bùhárí àti Ìdíàgbọn, 1984 sí 1985, á rántí WAI, ogun tí ìjọba wọn gbé ti ìwà àìníjàánu. Ìmọ́tótó Sátidé bẹ̀rẹ̀ láyé yẹn, Èkó sì wọ́gi lé e ní 2016, ọdún kan náà tí Kigali ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ká má purọ́, ní àdúgbò tiwa bọ́ọ̀lù là ń gbá lójú títì títí aago mẹ́wàá fi máa lù. Ní Rwanda, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni umuganda, àwọn aládùúgbò á jọ kó gọ́tà, wọ́n á jọ gbin igi, lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó ṣèpàdé. Nígbà tí Èkó fòfin de ike oúnjẹ funfun yẹn ní oṣù kìíní ọdún 2024, ńṣe ni olóúnjẹ wa ra ike míì tó nípọn, ó gbé owó rẹ̀ lé ìrẹsì. Ewé eéran wà lọ́jà, kò sẹ́ni tó polongo rẹ̀.

Mo gun ọ̀kadà wọn náà. Èrò kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé, àtọlọ́kadà àtèrò ló sì gbọ́dọ̀ dé akoto. Bátìrì ni èyí tí mo gùn ń lò. Ó yà síbi kan, wọ́n yọ bátìrì tó ti rẹ̀, wọ́n ki òmíràn bọ̀ ọ́, a ti tún gbéra kí n tó rí fóònù mi yọ. Akoto nìkan ló ba ayọ̀ mi jẹ́: ó ti dé orí àìmọye èèyàn lọ́jọ́ yẹn, ó ń rùn, kò sì gba irun dídì mi. Ẹ mú síkáàfù dání.

Ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú àárọ̀ Sọ́ńdè láìbéèrè bóyá ọjọ́ títi títì ni. Tọkọtaya ará Ìbàdàn kan tí mo bá pàdé níbẹ̀ ń lọ sí pápákọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, takisí wọn yí òkè po títí, ó sì gba owó gbogbo yíyí po náà.