Kíkó ímeèlì ẹgbẹ́ akọrin wa: àkọlé tó ní àmì ohùn

Mò ń fi Python kọ ètò kékeré kan tí yóò kó ímeèlì àtijọ́ ẹgbẹ́ akọrin wa láti àpótí kan lọ sí òmíràn. Inú lẹ́tà ò le rárá. Àwọn ìlà òkè ló le, pàápàá Subject, ìyẹn àkọlé. RFC 822 ti 1982 (RFC ni ìwé òfin tí ímeèlì ń tẹ̀ lé) kò gbà ju ASCII, àkójọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán, lọ níbẹ̀, ASCII ò sì ní ẹ, ọ, ṣ tàbí àmì ohùn kankan. RFC 2047 ti 1996 ló ní ká dì wọ́n báyìí: =?UTF-8?Q?...?=, kí ìdì kan má sì ju àmì 75 lọ.

UTF-8 ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ lẹ́tà di báìtì, ẹyọ tó fi ń pa wọ́n mọ́. Ẹ wo "Ẹ̀kọ́". Báìtì 5 ni Ẹ̀ nìkan: 3 fún Ẹ, 2 fún ohùn rẹ̀. Ní ọ̀nà Q, báìtì kan tí kì í ṣe ti ASCII á di àmì 3, k á wà bẹ́ẹ̀, nítorí náà "Ẹ̀kọ́" di àmì 31! =?UTF-8?Q? àti ?= ti gba 12 nínú àmì 75, nítorí náà ìdì kan ò lè gbà ju irú Ẹ̀ mẹ́rin lọ. Ọ̀nà B, tó ń sọ báìtì 3 di àmì 4, gba mẹ́sàn-án, òun ni mo yàn fún gbogbo àkọlé Yorùbá.

Ohun tó dùn mí jù ni bí ètò àtijọ́ yẹn ṣe gé ẹ sí méjì, báìtì kan nínú ìdì yìí, èyí tó kù nínú ìdì kejì. RFC 2047 kọ̀ ọ́ pátápátá. Ètò mi wá ń kó báìtì àwọn ìdì tó tẹ̀ léra pọ̀ kó tó tú wọn. "Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi" jáde pérépéré, inú mi dùn gan-an.

Òfin náà gbà kí ohùn àti lẹ́tà rẹ̀ wà ní ìdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi ò gbà á.

Ìṣòro mìíràn: àwọn kan tẹ ẹ kí wọ́n tó fi ohùn sí i, àwọn kan tẹ é kí wọ́n tó fi àmì abẹ́ sí i. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Tí a bá ń wá ọ̀rọ̀, wọn ò bára mu. NFC, ìlànà tó ń to lẹ́tà àti àmì rẹ̀ bákan náà, sọ gbogbo wọn di ọ̀kan.

Àwọn àkọlé àti orúkọ tó ti gba Latin-1, àkójọ lẹ́tà àtijọ́ kan, kọjá ò ní àtúnṣe. Latin-1 ní é àti ò, kò ní ẹ, "?" ló sì fi rọ́pò rẹ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, n ò ní fi àbá kún orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìlà From, ìyẹn orúkọ ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, ló kàn. Ètò àtijọ́ fi ìdì sínú àmì ìfàyọ (" "), bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ kí ètò tó bá pa òfin mọ́ tú u níbẹ̀.